Orí Kẹrin: Oògùn Tó Wà Nínú Gbòǹgbò

Ní ọjà Bódè n'Íbàdàn, ìsọ̀ àwọn tó ń ta egbòogi kò rí bákan náà. Àwọn eléwé ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ewé tútù ló kún iwájú wọn: efínrín, ewúro, rinrin, tí wọ́n ń wọ́n omi sí lórí kó má baà rọ. Àwọn mìíràn kò tà ju gbòǹgbò àti èèpo igi lọ. Wọ́n ti sá a gbẹ, wọ́n dì í ní ìdì-ìdì, òmíràn pupa, òmíràn dúdú, òmíràn pupa rúsúrúsú. Ẹni tó wá ra àgbo ibà kì í bèèrè ju iye owó àti bí wọ́n ṣe ń sè é lọ. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó fi kún un: apá ibo lára igi ni wọ́n ti gé eléyìí?

Igi tí wọ́n já ewé rẹ̀ lónìí yóò rú òmíràn láìpẹ́. Èyí tí wọ́n hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ti kú. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti ń bá ara wa jiyàn bóyá oògùn ìbílẹ̀ ń jẹ́ tàbí kò jẹ́, a sì ti rí ìdáhùn sí púpọ̀ nínú àríyànjiyàn náà: òmíràn ń jẹ́, òmíràn kò jẹ́, òmíràn ń pa ni. Ohun tí a kò tíì fi bẹ́ẹ̀ jiyàn lé lórí ni pé ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń jẹ́, inú gbòǹgbò àti èèpo ló wà, ìyẹn ni pé bí òkìkí rẹ̀ bá ṣe ń kàn tó ni igi rẹ̀ ń parẹ́ tó.

Orín àtà

Orín àtà ni mo máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni, kì í ga púpọ̀, a máa hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn àti nínú igbó kékeré etí òkun ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n ń gé ní kúkúrú-kúkúrú tí àwọn àgbà fi ń run ẹnu láàárọ̀. Ẹni tó bá ti run ún rí mọ̀ bó ṣe ń ta ahọ́n, tí ahọ́n á sì kú fún ìgbà díẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ti di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ń yẹ oríṣiríṣi orín wò láti mọ̀ bóyá wọ́n ń pa kòkòrò inú ẹnu lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà, onímọ̀ nípa egbòogi, àti W. A. Isaacs kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Lloydia pé omi gbòǹgbò orín àtà máa ń dá sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde padà sí bó ṣe yẹ kó rí.

Kí ló ń ṣe sẹ́ẹ̀lì náà gan-an? Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa ni láti gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Èròjà hemoglobin tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbé e. Lára ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn náà, bí hemoglobin bá ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tán, yóò lẹ̀ mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á di ọ̀pá gígùn, wọ́n á sì ti sẹ́ẹ̀lì náà láti inú títí yóò fi tẹ̀ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó rọ̀, tó yẹ kó máa yọ́ kọjá nínú iṣan tó tín-ín-rín jù, yóò wá há sójú ọ̀nà. Ibi tó bá há sí ni ẹ̀jẹ̀ kò ti ní dé mọ́, ibẹ̀ ni ìrora eegun àti oríkèé ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ọpọlọ ni, àrùn rọpárọsẹ̀ lè tẹ̀ lé e, àní lára ọmọdé.

Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àìsàn yìí jù lágbàáyé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú sí nǹkan bí 150,000 ọmọ lọ́dún. Nítorí náà, ohun tí wọ́n rí n'Ífẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 1975, àwọn onímọ̀ náà tẹ àbájáde ìgbìdánwò àkọ́kọ́ lára àwọn aláìsàn jáde. Ní Bùkínà Fáàsò, wọ́n ti mú un dé orí àtẹ àwọn tó ń ta oògùn: FACA ni wọ́n ń pe oògùn náà, èèpo gbòǹgbò orín àtà àti ti bọmubọ́mù ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí èyí tó lè yí SS padà sí AA, ìyẹn ti ẹni tí kò ní àìsàn náà, nínú wọn. Ìrora ni wọ́n wà fún. Ẹni tó ní àìsàn náà kò gbọdọ̀ torí ohun tó kà níbí fi dókítà rẹ̀ sílẹ̀.

Wàyí o, gbòǹgbò ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ run ẹnu ń wá a, alágbo ń wá a, ilé ìwádìí ń wá a. Àwọn tó ń lọ wà á nínú igbó kì í gé ẹ̀ka gbòǹgbò kan kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, nítorí ẹlòmíràn yóò wà á lọ́la bí àwọn kò bá wà á tán lónìí. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn igi tó wà nínú ewu.

Asofẹ́yẹjẹ àti Àrò

Ìtàn asofẹ́yẹjẹ jọ èyí, àmọ́ ó dùn ún gbọ́ jù ú lọ. Kí oògùn òyìnbó tó ń mú orí wèrè wálẹ̀ tó dé rárá, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń lo gbòǹgbò igi yìí fún aláìsàn ọpọlọ tó bá ń ṣe ìjàngbọ̀n. Yóò sùn, ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ní Íńdíà, igi kan tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, láti inú gbòǹgbò ti Íńdíà yẹn ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland sì ti yọ èròjà reserpine jáde ní 1952. Láàárín ọdún díẹ̀, reserpine ti di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn wèrè káàkiri ayé. Nígbà tí wọ́n yẹ asofẹ́yẹjẹ tiwa wò, reserpine wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ra gbòǹgbò rẹ̀ láti Áfíríkà.

Ọ̀nà tí reserpine ń gbà ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Àwọn iṣan ìmọ̀lára ń fi èròjà kan ránṣẹ́ sí ara wọn, inú àpò kékeré kan lẹ́nu iṣan náà ni wọ́n sì ń kó èròjà yìí pamọ́ sí. Reserpine kì í jẹ́ kí àpò náà kún. Ìhìn tó ń lọ láti iṣan dé iṣan yóò wá dín kù: ọkàn kò ní sáré mọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò tú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò wálẹ̀, ọpọlọ tó ń gbóná yóò rọlẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ìbànújẹ́ ńlá lè dé bá ẹni tó lò ó, ọwọ́ lè máa gbọ̀n, ìfúnpá lè wálẹ̀ débi tí ènìyàn yóò fi dákú. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ilé ìwòsàn, tó tún wá ń mu àgbo asofẹ́yẹjẹ mọ́ ọn láìsọ fún dókítà, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àrò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954 lábẹ́ dókítà ọpọlọ Adéoyè Lámbò. Ohun tó ṣe níbẹ̀ mú orúkọ rẹ̀ kàn dé òkè òkun: ó jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nínú àwọn abúlé tó yí Àrò ká, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra dípò kó lé wọn. Dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wá kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1960 nípa bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń lo asofẹ́yẹjẹ. Mo máa ń sọ pé àkókò yẹn ló yẹ kí wọ́n ti gbin oko asofẹ́yẹjẹ ńlá kan sí Abẹ́òkúta. Ìmọ̀ wà, aláìsàn wà, ọjà wà. Inú igbó ni a ṣì ń lọ hú u títí dòní.

Kí ló dé tó fi jẹ́ gbòǹgbò?

Igi kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá fún kòkòrò tàbí ẹran. Ohun tí àwa ń pè ní oògùn, ohun ìjà ni fún un: ìkorò àti oró tó ń pèsè láti fi lé ọ̀tá. Ewé yóò re, àwọn igi kan kì í sì fi ohun iyebíye pamọ́ sínú ohun tó máa re. Gbòǹgbò àti èèpo ló ń bá igi kalẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oró náà sì ń kó jọ sí ọdún dé ọdún. Èyí kò kan gbogbo igi o. Ìkorò ewúro wà nínú ewé rẹ̀, òróró tó ń ta sánsán nínú efínrín wà nínú ewé tirẹ̀. Ewúro àti efínrín kò lè parun láyé yìí, ẹ̀yìnkùlé gbogbo ìyàwó ilé ni wọ́n wà. Dóńgóyárò náà kò lè parun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Íńdíà ló ti wá bá wa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé igi wa ni.

Èèpo ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹ wo igi tí wọ́n ń pè ní dókítà igbó, awọ́pa lẹ́nu àwọn mìíràn: abẹ́ èèpo rẹ̀ pupa rúsúrúsú, àgbo ibà àti ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe. Èròjà palmatine àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló fún un ní àwọ̀ yẹn, àwọn náà ló sì ń gbógun ti kòkòrò ibà nínú àyẹ̀wò. Ọ̀gánwó àti àhùn náà, èèpo wọn ni wọ́n ń bó. Abẹ́ èèpo gan-an ni oúnjẹ tí ewé ti sè ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí wọ́n bá bó èèpo yí igi ká po, ewé lè wà lórí rẹ̀ fún oṣù mélòó kan bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ebi ti ń pa gbòǹgbò nísàlẹ̀. Yóò kú lórí ìdúró.

Àwọn àgbà oníṣègùn ní òfin kan nípa èyí. Wọ́n á ní èèpo apá tí oòrùn ti ń yọ àti apá tí oòrùn ń wọ̀ nìkan ni kí o mú. Ẹni tó kàwé lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló kan oòrùn nínú àgbo. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Igi kan wà lórí àwọn òkè ibẹ̀, Prunus africana, tí Yúróòpù ń ra èèpo rẹ̀ lọ fi ṣe oògùn fún àwọn àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ ń nira fún. Wọ́n bó igi náà débi pé láti 1995, àdéhùn àgbáyé CITES ti ń ṣọ́ òwò rẹ̀, ní 2007 sì ni Yúróòpù dá rírà rẹ̀ láti Kamẹrúùnù dúró fún ìgbà kan. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ igbó fi lélẹ̀ kí igi má baà kú ni pé kí wọ́n bó ìhà méjì tó kọjú síra, kí wọ́n fi ìhà méjì yòókù sílẹ̀, kí wọ́n sì dúró ní ọdún mélòó kan kí èèpo tuntun tó bo ojú rẹ̀. Ìhà méjì tó kọjú síra: ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Èmi kò ní sọ pé àwọn baba wa mọ̀ nípa iṣan tó ń gbé oúnjẹ lábẹ́ èèpo. Ẹni tó bá pa òfin wọn mọ́ kò ní pa igi, ìyẹn tó. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ẹni tó ń bó èèpo lónìí kì í ṣe oníṣègùn mọ́. Alágbàṣe ni, ọkọ̀ ló fẹ́ fi rù ú dé ọjà, àpò ni wọ́n ń kà fún un kí wọ́n tó sanwó.

Igbó tó ṣẹ́ kù

Igbó gan-an ńkọ́? Igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ sí J4, ti wà nínú àkọsílẹ̀ UNESCO láti 1977. Síbẹ̀ wọ́n gé ilẹ̀ tó pọ̀ nínú rẹ̀ láti gbin igi mẹláínà, kí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópìn lè rí igi lò, ilé iṣẹ́ náà kò sì fìgbà kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí wọ́n ṣe rò ó. Lẹ́yìn náà ni oko kòkó àti àwọn agégẹdú dé. Ní Òṣogbo, ó yàtọ̀. Hẹ́kítà 75 péré ni Igbó Ọ̀ṣun, wọ́n sì ka irú igi àti ewé tó lé ní 400 nínú rẹ̀, èyí tó lé ní 200 jẹ́ oògùn. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO gbà á wọlé ní 2005, ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ọ̀ṣun ló ti ń ṣọ́ ọ kí àjọ kankan tó dé.

Àwọn kan á ní kí á kó irúgbìn pamọ́ sínú ẹ̀rọ amóhuntutù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbàdo. Ó dára fún àgbàdo. Orógbó kò gbà á. Bí èso rẹ̀ bá gbẹ, ó ti kú nìyẹn, bí a bá sì gbìn ín ní tútù, ó lè jókòó sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó hù. Gbogbo èso tó bá rí báyìí, ọ̀nà tó dájú jù tí a lè gbà pa á mọ́ ni pé kí igi rẹ̀ wà láàyè lórí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú irúgbìn ní Moor Plantation n'Íbàdàn, fi ní oko igi pẹ̀lú, yàtọ̀ sí yàrá tútù rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ní Brazil ti mọ èyí tipẹ́, nítorí pé tipátipá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Igbó tí Ọ̀sanyìn mọ̀ kò sí lọ́hùn-ún, torí náà ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Salvador, ní Bàhíà, ló ya apá kan àgbàlá sọ́tọ̀ fún igbó. Àkòko wà níbẹ̀, orógbó wà, obì wà. Nígbà tí Pierre Verger, ọmọ Faransé tó gbé ní Salvador, tẹ ìwé rẹ̀ tó pè ní Ewé jáde ní 1995, èdè Yorùbá àti Potogí ló fi kọ ọ́, ó sì kó egbòogi Yorùbá tó lé ní 400 sínú rẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀ pé ará Bàhíà lè rí ìwé náà kà ju ará Ìbàdàn lọ.

Oògùn kan tó ṣẹ́gun, tó sì ṣubú

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fòníkú-fọ̀ladìde, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó korò jù wà. Ìdílé kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àgbo kan fún un. Ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ní Àbújá bá wọn ṣe àdéhùn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe, wọ́n sì sọ ọ́ ní Niprisan. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: iyèré, kànáfùrù, ewé ọkà bàbà àti igi osùn. Nínú ìgbìdánwò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, aláìsàn 82 ló kópa, ìrora líle sì dín kù lára àwọn tó lò ó. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kà á mọ́ oògùn tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ láti ṣe é ní 2002, wọ́n gbé e jáde ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan, ilé iṣẹ́ náà sì wó ní 2008.

Gbogbo ènìyàn ló sunkún owó tó run. Èmi ń wo igi osùn. Iyèré ń so lọ́dọọdún, ọkà bàbà ń hù lọ́dọọdún, kànáfùrù ń ti òkè òkun wá. Osùn nìkan ló jẹ́ pé ara igi gan-an ni wọ́n ń lò, gígé lulẹ̀ sì ni, nínú igbó tí a kò fi bẹ́ẹ̀ gbin òmíràn padà sí. Ká ní Nicosan ṣàṣeyọrí, tó dé ọwọ́ gbogbo aláìsàn Nàìjíríà, níbo ni wọ́n ì bá ti rí osùn lọ́dún kẹwàá?

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa dìrọ̀ mọ́. Ní South Africa, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2000 tó béèrè bóyá ewé lè ṣe iṣẹ́ èèpo àti ti gbòǹgbò. Wọ́n mú igi tó wà nínú ewu, wọ́n fi ewé rẹ̀ wé èèpo rẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò. Fún àwọn igi kan, ó ṣeé ṣe. Fún àwọn mìíràn, kò ṣeé ṣe rárá. Ní ọgbà ẹranko Kruger ní orílẹ̀-èdè náà, wọ́n tún ń fún àwọn oníṣègùn ní ọ̀dọ́ igi Warburgia, tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lọ gbìn ín sílé. Ìwé ìwádìí lórí egbòogi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ lọ́dọọdún kò lóǹkà, àwọn tó sì yẹ gbòǹgbò wò pọ̀ nínú wọn. Kí olùkọ́ má gba èyí tó bá yẹ gbòǹgbò wò láìyẹ ewé igi kan náà wò. Òfin yìí kò ní náni lówó púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àgbo, ẹ máa bi alágbo yín bóyá gbòǹgbò ni, èèpo ni, tàbí ewé, ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà yín bí ẹ bá ń lo oògùn mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ lábúlé, dípò kí ẹ gbin tíìkì nìkan, ẹ fi orógbó, osùn àti asofẹ́yẹjẹ kún un. Oníṣègùn àdúgbò yín mọ ibi tí ẹ ti lè rí ọ̀dọ́ igi wọn, ìbẹ̀rẹ̀ òjò sì ni àkókò tó dára jù láti lọ́ wọn.